Ímeèlì Dákú-dájí: Ẹ Má Fi Ìkánjú Tún Un Ṣe

Ẹni tí ímeèlì rẹ̀ ń ṣe dákú-dájí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó tẹ áàpù náà lórí fóònù, ó ṣí, kò tó ìṣẹ́jú kan ó ti pa ara rẹ̀ dé. Ó tún un tẹ̀, ó tún kú. Tàbí kẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló wà: lẹ́tà kò wọlé, lẹ́tà kò jáde, nǹkan kan ṣáà ń yí po lójú ẹ̀rọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó gbọ́ èyí: ímeèlì tó ń kú kì í sábà gbé lẹ́tà lọ. Ọwọ́ ìkánjú tí a fi ń tún un ṣe ló ń gbé e lọ.

Mo mọ ohun tó ń fa ìkánjú ọ̀hún. Ímeèlì ti kúrò ní nǹkan àwọn akọ̀wé nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í forúkọ sílẹ̀ níbi púpọ̀. Ẹni tó ń wá físà, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Oníṣòwò tó ń kó ọjà láti Ṣáínà, ibẹ̀ ni ìwé owó àti ìwé ẹrù rẹ̀ wà. Lékè gbogbo rẹ̀, bí a bá gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù Facebook tàbí ti ibòmíràn, ímeèlì ni wọ́n ń bá wa gbé ọ̀nà àbáwọlé tuntun gbà. Ẹni tó bá gba ímeèlì yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Nítorí náà, bí ó bá kú, àyà á já. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá sì já a máa ṣe ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta: á yọ áàpù náà dànù, á gbé fóònù fún ẹni tí yóò pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, tàbí á fi páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló léwu ju wàhálà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ.

Níbo ni lẹ́tà yín wà gan-an?

Bí ẹ bá ń lo Gmail, Yahoo tàbí Outlook.com, inú kọ̀ǹpútà ńláńlá ilé iṣẹ́ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà, ni ojúlówó lẹ́tà yín wà. Fóònù yín dà bí fèrèsé tí ẹ ń gbà wo inú yàrá: bí fèrèsé bá há, ẹrù inú yàrá ò tíì kúrò níbẹ̀.

Lẹ́tà tí àwọn ènìyàn ń kọ sí yín lásìkò ìdákú náà kì í tètè ṣègbé. Ìlànà tí ẹ̀rọ ímeèlì ń tẹ̀lé káàkiri àgbáyé ni pé, bí sáfà tí lẹ́tà ń lọ bá kọ̀ tí kò dáhùn, kí sáfà tó ń fi í ránṣẹ́ má ṣe tètè jáwọ́. Ó yẹ kí ó máa padà gbìyànjú lóòrèkóòrè fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, ó kéré tán, kí ó tó dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Wàhálà wákàtí kan, tàbí ti ọjọ́ kan pàápàá, kò yẹ kó mú yín pàdánù lẹ́tà kankan.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lo Exchange, ẹ̀rọ ímeèlì Microsoft tí wọ́n gbé sínú ọgbà ara wọn, jí lọ́jọ́ ọdún tuntun, wọ́n sì rí i pé lẹ́tà ò rìn mọ́. Apá tó ń yẹ lẹ́tà wò bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀ máa ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà gígùn kan. Nígbà tí ọdún yí sí 2022, nọ́ńbà náà ga ju 2,147,483,647 lọ, ibẹ̀ sì ni àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un pin sí. Apá náà kú, lẹ́tà sì tò sórí ìlà. Lórí ìlà náà ni wọ́n dúró títí Microsoft fi gbé àtúnṣe jáde, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà. Ẹni tó bá fi ìbínú pa ìlà náà rẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni ì bá pàdánù lẹ́tà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ̀bi wà

Ibi mẹ́rin ni ẹ̀bi lè wà: ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ímeèlì, ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín, tàbí inú àkáǹtì yín fúnra rẹ̀. Ìwòsàn ọ̀kan kò jẹ́ fún èkejì.

Nígbà mìíràn, ilé iṣẹ́ ńlá fúnra rẹ̀ ló ṣubú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá ọdún 2020, nígbà tí aago kan ọ̀sán ń sún mọ́ ní Nàìjíríà, Gmail, YouTube àti Google Drive kú káàkiri ayé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 47. Ètò tó ń pín àyè fún àwọn ẹ̀rọ Google ló ṣèèṣì gé àyè ẹ̀rọ tó ń dá oníbàárà mọ̀ kù. Ẹ̀rọ náà kò wá lè sọ ẹni tí ẹnikẹ́ni jẹ́ mọ́. Lẹ́tà gbogbo ènìyàn wà níbi tó wà. Ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò ju kí ó dúró lọ.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà ló já. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire. Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà wà lára àwọn tí ìyà ọ̀hún jẹ. Ìwòsàn tí ẹnikẹ́ni bá fún fóònù rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, orí asán ni.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ ṣí ojúewé mìíràn wò, bóyá ti ìwé ìròyìn. Bí ìyẹn náà kò bá ṣí, ẹ̀bi nẹ́tíwọ̀kì ni tàbí dátà ló tán. Bí ó bá ṣí, ẹ bi ará ilé tàbí ẹlẹgbẹ́ yín níbi iṣẹ́ bóyá tiwọn ń ṣiṣẹ́. Bí tiwọn náà bá kú, ẹ̀bi lè wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Bí tiyín nìkan ló kú, ẹ gba inú Chrome tàbí bùráúsà mìíràn wọ ímeèlì yín lórí fóònù yín kan náà, láìfọwọ́ kan áàpù. Bí lẹ́tà yín bá yọ níbẹ̀, kí ọkàn yín balẹ̀: àkáǹtì yín yè, áàpù ló ń ṣe wàhálà. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ń lé, ẹ lè máa gba inú bùráúsà náà ṣiṣẹ́ títí àtúnṣe yóò fi dé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fóònù ẹni tí ẹ kò mọ̀ tàbí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé ojú títì ṣe ìdánwò yìí. Páásíwọ̀ọ̀dù tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀ lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ.

Bí áàpù orí fóònù bá ni

Nínú oṣù kẹta ọdún 2021, Gmail àti ọ̀pọ̀ áàpù mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn dé lórí fóònù Android káàkiri ayé. Ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ Gmail rárá. Nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Android System WebView, tí áàpù mìíràn fi ń gbé ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì jáde, ló ní àbùkù. Ohun tí Google ní kí àwọn ènìyàn ṣe ni pé kí wọ́n lọ sí Play Store, kí wọ́n gba WebView àti Chrome tuntun. Ó tán. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ti sáré gbé fóònù rẹ̀ lọ kí wọ́n pa inú rẹ̀ rẹ́: fọ́tò ìsìnkú bàbá rẹ̀ lọ, ohùn ọmọ rẹ̀ lọ, nítorí àrùn tí oògùn rẹ̀ wà nínú Play Store lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, láti orí ohun tí kò lè pani lára ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí fóònù gbé jáde sílẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, tàbí kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò tọ́ ẹni tó bá máa ràn yín lọ́wọ́ sọ́nà. Ẹ pa fóònù, kí ẹ tún un tàn. Ẹ wo ọjọ́ àti aago rẹ̀: fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú fún ìgbà pípẹ́ lè jí pẹ̀lú ọjọ́ tó ti kọjá tipẹ́, ímeèlì kò sì ní gbà á wọlé nítorí ìwé ẹ̀rí ààbò kò ní bá ọjọ́ náà mu. Ẹ wo àyè tó kù nínú fóònù. Bí fídíò WhatsApp bá ti kún un dé ẹnu, kò sí áàpù tí yóò mí dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ gba áàpù ímeèlì náà àti WebView tuntun ní Play Store.

Bí ó bá ṣì ń kú, ẹ wọ inú ètò fóònù, ẹ wá áàpù náà, ẹ óò rí ohun méjì tó fara jọra: “Clear cache” àti “Clear data” tàbí “Clear storage”. Ẹ wò wọ́n dáadáa kí ẹ tó tẹ èyíkéyìí. Èkíní ń kó ìdọ̀tí ìgbà díẹ̀ dànù, kò fọwọ́ kan lẹ́tà. Èkejì ń dá áàpù náà padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ gbà á. Lẹ́tà tó wà ní sáfà yóò padà wá, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ẹ kọ tí kò tíì jáde kúrò nínú fóònù lè lọ ráúráú. Ìwé ẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ tí ẹ fi alẹ́ kan kọ lè wà nínú “Outbox” níbẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn kí ẹ tó tẹ èkejì yìí, tàbí kí ẹ tó yọ áàpù kúrò. Kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ mọ páásíwọ̀ọ̀dù yín, nítorí yóò béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló yọ áàpù tán kí wọ́n tó rántí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti lọ sí Kánádà ló bá wọn ṣí ímeèlì náà.

Irú ímeèlì kan wà tí ìkìlọ̀ tèmi lórí rẹ̀ le jù. Ó wà ní àwọn ọ́fíìsì tó ti pẹ́, tí wọ́n ṣètò ímeèlì lọ́nà tí a ń pè ní POP. Lọ́nà yìí, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló máa ń gba lẹ́tà wọlé, ó sì sábà máa ń pa á rẹ́ kúrò ní sáfà lẹ́yìn tó bá ti gbà á. Ọ̀nà kejì, tí wọ́n ń pè ní IMAP, máa ń fi lẹ́tà sílẹ̀ ní sáfà. Ẹ wo inú ètò àkáǹtì yín kí ẹ mọ èyí tí tiyín jẹ́. Bí ẹ bá rí POP níbẹ̀, ẹ má ṣe yọ áàpù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa inú kọ̀ǹpútà náà rẹ́, títí ẹ ó fi ṣe ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà síbòmíràn. Ohun tó wà níbẹ̀ lè má sí níbòmíràn láyé.

Bí Outlook bá ni, lórí kọ̀ǹpútà

A mọ bí iná ṣe ń lọ lọ́dọ̀ wa. Outlook orí kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà lọ́nà POP máa ń kó wọn sínú fáìlì ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .pst. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí fáìlì yẹn wà ní ṣíṣí, ó lè ṣèṣe, Outlook á sì máa kú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i. Bí fáìlì náà bá tóbi jù, wàhálà kan náà ni. Ní ọ̀pọ̀ Outlook òde òní, 50 GB ni ìwọ̀n rẹ̀ pin sí.

Ẹ kọ́kọ́ ti Outlook, kí ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sórí fílàṣì tàbí díìsìkì mìíràn. Ìgbésẹ̀ yìí ni kò gbọdọ̀ yẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di bọ́tìnì Ctrl mú bí ẹ ti ń ṣí Outlook, kó lè ṣí láìgbé àwọn áàpù àfikún tí wọ́n so mọ́ ọn dání. Bí ó bá ṣiṣẹ́ báyìí, ọ̀kan nínú àwọn àfikún yẹn ló ń pa á. Ẹ máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi bá a. Bí kò bá ṣiṣẹ́, Microsoft ti fi irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ scanpst sínú Outlook fún àtúnṣe fáìlì .pst. Ó lè pẹ́ kí ó tó parí, bẹ́ẹ̀ ó lè ju ohun tí kò lè tún ṣe nù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ṣe ẹ̀dà ṣáájú. Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àkáǹtì

Google ń fún ènìyàn ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Gmail, Drive àti Photos ló jọ ń pín in. Fọ́tò ìgbéyàwó lè kún àyè náà, kí lẹ́tà má lè wọlé mọ́. Ẹ wá àwọn lẹ́tà ńlá jáde: ẹ kọ has:attachment larger:10M sínú àpótí ìwárí Gmail, wọn á yọ sí yín. Ẹ gba èyí tí ẹ nílò sórí kọ̀ǹpútà, ẹ pa ìyókù rẹ́, kí ẹ sì da inú àpótí “Trash” nù, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ ṣì ń gba àyè.

Ohun mìíràn ni pé, láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2022, Google kò gba àwọn áàpù àtijọ́ tó ń fi orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù nìkan wọ Gmail àdáni láàyè mọ́. Microsoft náà ṣe irú rẹ̀ fún Outlook.com ní ọdún 2024. Fóònù tàbí áàpù tó ti gbó lè máa béèrè páásíwọ̀ọ̀dù lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan ṣáá, kí ó sì máa kọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ẹ tẹ̀ tọ̀nà. Ẹ má máa yí páásíwọ̀ọ̀dù padà kiri. Áàpù tuntun ni ẹ nílò.

Àwọn tó ń dúró de ìpayà yín

Ibi tí ọkàn mi ti ń gbọgbẹ́ jù nìyí. Ẹni tí ímeèlì rẹ̀ kú a máa wá nọ́ńbà “customer care” lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn gbájúẹ̀ sì ti kó nọ́ńbà tiwọn síbẹ̀ dè é. Ohùn tí yóò gbé fóònù yóò dùn, yóò pè é ní “sà” tàbí “mà”. Yóò ní, “Kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọ fóònù yín báyìí, ẹ bá wa kà á.” Kóòdù náà á wọlé lóòótọ́, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń gbìyànjú lọ́wọ́lọ́wọ́ láti wọ ímeèlì náà. Bí a bá ti kà á fún un, ó ti wọlé. Google kì í pe ènìyàn láti gba páásíwọ̀ọ̀dù tàbí kóòdù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè fún un, olè ni, ohùn rẹ̀ ìbáà dùn bí oyin.

Èkejì ni lẹ́tà tó ń sọ pé àpótí yín ti kún, pé bí ẹ kò bá tẹ ibi kan láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, wọn yóò tì í pa. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn orúkọ ẹni tó kọ ọ́, álífábẹ́ẹ̀tì kan lè lé nínú rẹ̀, òmíràn sì lè dín. Kí ẹ fúnra yín ṣí áàpù tàbí ojúewé ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ wo àyè tó kù fún yín níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ọmọlúàbí pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wúlò. Síbẹ̀, ẹni tó ń pààrọ̀ ojú fóònù kò nílò páásíwọ̀ọ̀dù ímeèlì yín. Bí àyẹ̀wò bá gba pé kí ẹ ṣí i, ẹ fúnra yín ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jókòó tì í.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, tí ẹ ti fún ẹnì kan ní kóòdù tàbí páásíwọ̀ọ̀dù, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Ẹ yí páásíwọ̀ọ̀dù padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tó wà nínú àkáǹtì yín, kí ẹ lé èyí tí ẹ kò mọ̀ jáde. Ẹ wo ibi ètò “Forwarding” àti “Filters” pẹ̀lú, nítorí gbájúẹ̀ mìíràn máa ń pàṣẹ síbẹ̀ pé kí ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà yín máa wá bá òun, ìyẹn á sì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí páásíwọ̀ọ̀dù padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ké sí bánkì yín, bí àkáǹtì owó yín bá so mọ́ ímeèlì náà.

Fún ilé iṣẹ́, ilé ìwé àti ìjọ

Bí ímeèlì yín bá ní orúkọ ilé iṣẹ́ yín nínú, bóyá tó parí sí .com.ng tàbí .org, ẹ mọ̀ pé owó ọdọọdún wà lórí orúkọ náà. Bí owó bá tán, ímeèlì gbogbo òṣìṣẹ́ lè kú lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ ojúewé fún ilé iṣẹ́ fi orúkọ àti ímeèlì ara rẹ̀ ra orúkọ náà, ó wá rìnrìn àjò, ìkìlọ̀ owó sì ń lọ bá a níbi tí kò ti kà á. Ẹ béèrè lónìí: orúkọ ta ni a fi ra á, ọjọ́ wo ni owó rẹ̀ yóò tán, ta ló ní páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀? Kí ó jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́, kí ènìyàn méjì mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe kí ilẹ̀ òní tó ṣú

Nígbà tí ímeèlì bá ń ṣiṣẹ́ ni a ń múra de ọjọ́ tí yóò kú. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì kejì tí ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbàpadà: ṣé líìnì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín? Líìnì tí ẹ pa tì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kóòdù yín á sì máa lọ bá a. Ẹ tan ìdánimọ̀ onígbésẹ̀ méjì, èyí tó ń béèrè ẹ̀rí mìíràn lẹ́yìn páásíwọ̀ọ̀dù. Ẹ gba kóòdù mẹ́wàá tí Google ń fúnni fún ọjọ́ ìṣòro, kí ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ síbi tí ìwé ilé yín wà. Ẹ wọ Google Takeout, ojúewé tí Google ti ń jẹ́ kí ènìyàn gba ẹ̀dà ohun tó ní lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà yín sórí díìsìkì. Àwọn ìwé ẹ̀rí, ìwé físà àti ìwé ilẹ̀ tó wà nínú ímeèlì nìkan, ẹ tẹ̀ wọ́n jáde.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pe àwọn òbí yín tó ń lo ímeèlì tí ẹ ṣí fún wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ fi ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù tuntun hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ fún wọn pé bí ímeèlì bá kú, ẹ̀yin ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè, kí wọ́n má pe nọ́ńbà kankan tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má sì ka kóòdù fún ẹnikẹ́ni.